Aṣọ Ìyá Àgbà Nínú Àpótí Irin Báńkì

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí irin báńkì dé Ọ̀sí, ìlú wa, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ gidi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá láti Ìlọrin kò lè dé ẹnu ọ̀nà ilé tuntun tí ìjọba kọ́ sẹ́bàá títì, nítorí òjò ti gbẹ́ kòtò síwájú ibẹ̀. Wọ́n sọ àpótí náà kalẹ̀ sórí ìtì igi róbótó mẹ́rin, nǹkan bí ogún ọkùnrin sì ń tì í díẹ̀díẹ̀. Bí ìtì ẹ̀yìn bá ti bọ́, wọ́n á sáré gbé e wá síwájú.

Àgbàlagbà kan tó fẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ béèrè pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀ tó wúwo tó báyìí?"

Òṣìṣẹ́ báńkì tó tẹ̀ lé ọkọ̀ wá ní, "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bàbá. Òfìfo ni."

"Òfìfo! Owó ìjọba yìí mà le o. Kò tíì dé, ó ti ń ni wá lára."

Èmi dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí mo ti lè sá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dúró níbi gbogbo láti ìgbà tí iná ti jó ilé wa. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó. Nílé ọ̀gá tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ẹ̀rọ tó sún mọ́ ìta jù lọ ni mo yàn. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà ti sọ pé àwọn gbóòórùn èéfín.

Mi ò ní sọ ọdún tí báńkì náà dé, torí mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ parọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti ń ná náírà fún bí ọdún mélòó kan, àmọ́ àwọn ìyá arúgbó ṣì ń pe iye ọjà ní ṣílè.

Kí báńkì tó dé, ibi tí kálukú ń tọ́jú nǹkan rẹ̀ sí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn kan gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Àwọn kan ki owó bọ ara ògiri, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ojú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní láti lọ gba owó oṣù ní Òmù-Àrán, bí oṣù bá sì ti parí, àwọn ọmọ ilé ìwé á fi ọjọ́ méjì ṣeré. Bàbá kan ládùúgbò wa kó owó iṣu rẹ̀ sínú akèrègbè, ó gbé e sí àjà. Nígbà tó padà gbé e sọ̀ kalẹ̀, èkúté ti fi owó náà tẹ́ ibùsùn, ó sì ti bímọ sórí rẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà wo àwọn ọmọ èkúté pupa yẹn títí, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni ọmọ olówó."

Ìyá àgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá ìyá mi ni. Kàdúná ni àwọn òbí mi ti ń ṣòwò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Yèyé. Kò ní wúrà, kò ní iyùn. Ohun kan ṣoṣo tó kà sí ọrọ̀ ni aṣọ kíjìpá kan tó fi òwú tó ran fúnra rẹ̀ hun, tó rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tó fi dúdú dán. Inú àpótí pákó ló kó o sí. Kì í wọ̀ ọ́. Ó ní òun máa lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí òun bá ń relé. Tí àwọn obìnrin ìgbà yẹn bá sọ pé àwọn ń relé, kì í ṣe ilé bàbá wọn ni wọ́n ń wí. Wọ́n kà á sí ìtìjú kí ọmọ máa sáré wá aṣọ kiri ọjà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá kú. Obìnrin tó bá mọ ara rẹ̀ lóbìnrin ti hun tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí iná jó ilé náà. Ọ̀sán ọyẹ́ ni. Iná ta láti ilé ìdáná aládùúgbò, ó bọ́ sórí koríko òrùlé wa. Ibà ń ṣe mí, mo sùn nínú yàrá. Ìyá àgbà, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, sáré wọlé, àpótí rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá lọ́nà. Ó rò pé mo ti bá àwọn ọmọ yòókù jáde. Ó ti gbé àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ikọ́ mi. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sínú èéfín, ó gbé mi pọ̀n. A kò tíì rìn jìnnà tí òrùlé fi wó lu àpótí náà. Àpá iná náà ṣì wà lára apá òsì mi dòní.

Ìyá àgbà kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ aṣọ náà rí. Àwọn tó kù ló ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé, kò ní gbà kí n ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú abọ́. Á ní, "Jẹ ẹ́ tán o. Odindi kíjìpá la fi rà ọ́." Eré ló ń ṣe, àmọ́ èmi kò fi í ṣeré. Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé obìnrin yìí kò gbọdọ̀ relé láìsí kíjìpá lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kórè òwú tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìrànwú rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń bá a yọ èso kúrò nínú òwú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ọdún tó hun ún tán náà ni àpótí irin báńkì dé.

Ọmọ Ìlọrin ni ọ̀gá báńkì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó kó àga síwájú báńkì, ó pe ìlú, ó sì ṣàlàyé ohun tí báńkì ń ṣe. Ó ní ìjọba ló ni ín, kì í ṣe ti ẹnì kan, torí náà kò sẹ́ni tó máa kó owó àwọn èèyàn sá lọ. Ó fi ìwé kékeré hàn wá, ó ní inú rẹ̀ ni a ó ti máa rí ohun tí a bá kó pamọ́. Ó ní àgbẹ̀ lè yá owó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ó ní ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé lọ́nà jíjìn lè san owó ilé ìwé níbí, kí bébà lásán lọ dípò owó, kí olè má rí nǹkan jà gbà lọ́nà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ní báńkì tún ń bá èèyàn tọ́jú ohun iyebíye: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí, wúrà.

Ìyá àgbà na ọwọ́ sókè. "Aṣọ ńkọ́?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò wẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn. Aṣọ ńkọ́?"

"Tó bá ṣe iyebíye sí yín, Màmá, a máa bá yín tọ́jú rẹ̀."

"Iná ńkọ́?"

Ọ̀gá báńkì fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu ògiri. "Búlọ́ọ̀kù ni ilé yìí. Irin ni àpótí. Bí gbogbo ilé bá jó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ohun tó wà nínú àpótí yìí kò ní mọ̀ pé iná jó."

Ìyá àgbà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ó parí. Ọ̀la ni mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo ru aṣọ náà nínú àpótí pákó tuntun, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ. Akọ̀wé báńkì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, lẹ ìda pupa mọ́ ẹnu àpótí náà láti fi dì í pa, ó sì mú káàdì líle kan jáde. Ó fi àtàǹpàkò òsì ìyá àgbà tẹ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì. Lẹ́yìn náà ló ka òfin tó wà níbẹ̀ sókè ní Yorùbá, ó rọra ń kà á bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹni tó kó ẹrù wá nìkan ni báńkì máa kó o fún. Kò gbọdọ̀ rán ọmọ, kò gbọdọ̀ rán ọkọ, kò gbọdọ̀ rán ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó wá tẹ ìka rẹ̀.

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó káre! Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ń ṣọ́ nǹkan nìyí."

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá báńkì rẹ́rìn-ín músẹ́. Aṣọ ìsìnkú la kó fún wọn, òfin sì ní òkú fúnra rẹ̀ ni kó wá gbà á. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ronú kàn án, títí kan èmi tí ẹ̀rù máa ń bà nítorí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iná. Báńkì náà sì di ibi ìgbádùn fún ìlú. Fáànù ńlá kan wà lókè àjà rẹ̀ tí wọ́n máa ń tàn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wá láti Ìdòfin àti Òkè-Ọ̀pin, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á múra, bí ẹni ń lọ síbi ìsìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ní ìwé báńkì kankan, àmọ́ bí oòrùn bá ti mú, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn.

Mẹ́gáàdì á ní, "Bàbá, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá wò ó bóyá owó mi ti dé."

"Ẹ ò ní ìwé lọ́dọ̀ wa."

"Ìdí tí kò fi tíì dé nìyẹn. Jẹ́ kí n ní sùúrù."

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, ìyá àgbà á lọ tẹ ìka, á gba àpótí rẹ̀, á sì sá aṣọ náà sórí okùn lẹ́yìn báńkì kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí a gbé e kúrò nínú ọgbà. Á jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí di ọ̀sán, àwọn tó wá gbowó á sì máa kí i. Ọdún àkọ́kọ́, akọ̀wé aláwò ojú jáde wá fọwọ́ pa aṣọ náà.

"Màmá, aṣọ yìí dára o. Ti ọdún ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Èyí tí wọ́n máa fi sin mí ni."

Akọ̀wé náà fa ọwọ́ yọ bí ẹni fọwọ́ kan irin gbígbóná. Ó wo aṣọ, ó wo ìyá àgbà, mo sì rí i tó ń ronú. Ó ní, "Màmá… nígbà náà, ta ló máa wá gbà á?"

"Ta ló tún fẹ́ wá? Èmi ni mo ni ín."

Ó yíjú padà, ó wọ inú báńkì lọ. Ta ló fẹ́ bá àgbàlagbà sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀ lójú rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, kò gbé àpótí yẹn mọ́. Mẹ́gáàdì ló ń bá wa gbé e.

Ọdún bíi mẹ́fà tàbí méje kọjá. Mo ti gba òmìnira iṣẹ́ mi, mo ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi. Àwọn sójà ti tún gbàjọba. Lọ́dún kan, ìyá àgbà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi ọ̀pẹ, ó ní ara òun kò yá. Ọjọ́ Ajé, kò jẹun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà ọsibítù kékeré wá wò ó, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì gbọn orí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú ńlá ti wà lójú ọ̀nà, torí ọdún Àjíǹde ni. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó pè mí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ.

"Lọ bá mi gbé aṣọ mi wá."

Mo sáré lọ. Akọ̀wé aláwò ojú gbọ́ mi tán, ó mú káàdì jáde, ó gbé e síwájú mi. Mo kà á fúnra mi. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí a ṣe, tí òógùn sì bò mí lábẹ́ fáànù ńlá yẹn.

Mo ní, "Tó bá… tí kò bá lè wá ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ á gba ìwé nílé ẹjọ́, ní Ìlọrin."

"Ọjọ́ mélòó?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Àbúrò mi, oṣù ni wọ́n ń fi kà á."

Nígbà yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ń gbé òkú pamọ́ sí nítòsí wa. Ẹni tó bá kú lónìí, ọ̀la ni wọ́n ń sin ín. Báńkì náà sì máa tì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò ní ṣí mọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde. Mo wọlé tọ ọ̀gá báńkì lọ, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Dìde, jọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ funfun lásán ti tó fún òkú, ẹ̀yin lẹ wá kó wàhálà yìí bá èmi àti ara yín." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mi ò gbọdọ̀ gbé àpótí yẹn fún ọ. Káàdì yìí náà kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà yìí. Àmọ́ tí Màmá bá lè dé ẹnu géètì mi, ìyókù di tèmi."

Mo rò ó láti àárọ̀ ọjọ́ náà títí dalẹ́. Tó bá kú sójú ọ̀nà ńkọ́? Gbogbo Ọ̀sí á sọ pé èmi ni mo gbé e jáde lọ kú. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi na apá méjèèjì. "A ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ta ló gbọ́ pé wọ́n ń gbé e lọ sí báńkì?"

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú yàrá. "Ìwọ tó ń lọ gbatẹ́gùn níbẹ̀ lójoojúmọ́, èmi tí mo ní ẹrù níbẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lọ? Ìwọ ọ̀lẹ yìí, lọ wá ọmọlanke."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a tẹ́ ẹní àti ìrọ̀rí méjì sínú ọmọlanke tí wọ́n fi ń gbé igi ìdáná. Kí a tó gbéra, mo fi òrí pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí atẹ́gùn òwúrọ̀ má baà kọ lù ú. A gbé e sínú rẹ̀, ó fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ òwú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tì í, èmi ń di ẹ̀gbẹ́ mú, mò ń wo imú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

Ìyá tó ń dín àkàrà ní orítà ló kọ́kọ́ rí wa. Ó sáré wá, omijé ti wà lójú rẹ̀. "Yèyé! Ọsibítù wo ni wọ́n ń gbé yín lọ?"

Ìyá àgbà la ojú kan. "Báńkì ni mò ń lọ."

"Háà! Owó ni?"

"Aṣọ mi ni mo fẹ́ gbà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

Ìyá alákàrà dúró, ó fọwọ́ lé orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọmọlanke mú. "Yèyé, ẹni tó ń kú lọ kì í lọ sí báńkì o!"

"Ìwọ náà lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ní òkú ni kó wá gbé aṣọ rẹ̀."

Ó bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó gbé abọ́ àkàrà rẹ̀ rù, ó tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí a ti ń yà sí títì, a ti di èrò. Ẹnì kan ń bá wa ti ọmọlanke, ẹnì kan ń fi agbòòrùn ṣíji bò ó. Onímọ́tò kan dúró, ó ní kí a wá wọkọ̀, ìyá àgbà kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti di arúgbó, kò sẹ́ni tó ti òun kiri bí ìyàwó tuntun rí, kí wọ́n má bà á jẹ́ fún òun. Ohùn rẹ̀ ti ń ga. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ó ti la ojú méjèèjì.

Ọ̀gá báńkì ti ń dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Akọ̀wé gbé tàdáwà wá, ó mú àtàǹpàkò òsì ìyá àgbà, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó hàn lórí bébà dà bí ibi tí ìgbín gbà kọjá. Ó tún un tẹ̀, bákan náà ni. Ìlà ìka kankan kò hàn.

Ọ̀gá báńkì ní, "Kí lẹ fi pa á lọ́wọ́?"

Òrí ni. Òrí tí mo fi pa á lára ni tàdáwà kò lè lẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń ṣọ́ra ni mo fẹ́ fi ìṣọ́ra ba iṣẹ́ jẹ́. Mẹ́gáàdì bu omi wá, mo sì mú ọṣẹ. Ìyá alákàrà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ìka náà, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó tún fi etí ìró rẹ̀ nù ún gbẹ.

Ìyá àgbà ní, "Rọra o, má bó o. Òun nìkan ni wọ́n mọ̀ mí mọ́ níbí."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta. Ọ̀gá báńkì gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

"Òun ni," ó wí.

Ariwo tó sọ kò kéré. Mẹ́gáàdì gbé àpótí jáde, wọ́n fọ́ ìda ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ìyá àgbà ki ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fọwọ́ pa kíjìpá náà títí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá alákàrà, ó ní, "Ṣé kò sí àkàrà nínú èyí tí o dín láàárọ̀ yìí ni? Ebi ń pa mí."

Àkàrà mẹ́rin ló jẹ lẹ́nu géètì báńkì. Láti ọjọ́ ìsinmi, kò tíì jẹ nǹkan kan.

Ọ̀gá báńkì kò jẹ́ kí a lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí Màmá bá tún fẹ́ dá àpótí náà padà, àfi kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kejì sí káàdì. Ìyá àgbà nawọ́ sí mi. Mo mú bírò, mi ò lè kọ nǹkan kan. Lójú mi, tí mo bá ti kọ orúkọ mi, mo ti gbà pé ó máa kú nìyẹn. Mo sọ ọ́ sí i létí.

Ó fọwọ́ kan àpá iná tó wà lára mi. Ó ní, "Aṣọ méjì ni mo ní láyé. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ kí n lè gbé ọ jáde. Kì í ṣe kí o lè máa bẹ̀rù lójú mi títí. Kọ orúkọ rẹ."

Mo kọ ọ́. Lẹ́tà ibẹ̀ wọ́, àmọ́ ó ṣeé kà. Lẹ́yìn náà mo tẹ àtàǹpàkò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fún gbogbo ọdún Àjíǹde yẹn, aṣọ náà wà nílé, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí yàrá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi gàrí tútù ṣọdún, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo àlejò tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, mo jí, mo bá àpótí náà ní ṣíṣí. Mo sáré jáde, mo bá ìyá àgbà níwájú ilé, ó ti wẹ̀, ó fi kíjìpá náà ró, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀.

Mo pariwo. "Yèyé! Aṣọ tí ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lò!"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ mí. Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ sí mi lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa sọ fún mi?"

Ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n kọ orin Àjíǹde, ó jó. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá sílé láti Èkó àti Kàdúná, tí wọ́n ti ń rò pé àwọn máa sin ín, dúró pẹ̀lú aṣọ dúdú nínú àpò wọn, wọ́n ń wò ó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dá àpótí náà padà sí báńkì fúnra rẹ̀. Akọ̀wé aláwò ojú yẹ aṣọ náà wò, ó ní, "Màmá, ẹ ti lò ó."

Ó ní, "Mo dán an wò ni. Ó bá mi mu."

Ó tún sá a sínú ọyẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tó relé, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, bí ẹni tó mọ ìgbà tí báńkì ń ṣí. Mo lọ tẹ ìka mi, akọ̀wé kò bi mí ní nǹkan kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti fa ọwọ́ yọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí náà jáde, ó sì bá mi gbé e dé ilé. Kíjìpá náà bá a mu, bó ṣe wí.

Wọ́n ti ta báńkì náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kì í ṣe ti ìjọba mọ́. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ní kí n kó ìwé ilẹ̀ mi fún báńkì kan tọ́jú, ó ní àwọn báńkì òde òní lóye ju ti àtijọ́ lọ. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé títí, ó sì gbé bébà síwájú mi kí n fọwọ́ sí i. Mo fi bírò sílẹ̀, mo sún àga mi sẹ́bàá ilẹ̀kùn díẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́ sọ fún mi ná. Ta ni ẹ ní kó wá gbà á?"